Ilé ni a ti ń kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Kíkọ́ Ìtàn Orin àti Ìmọrírì Orin ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama ní Ìlú Warri

1.0 Ìfáárà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀nà tí a lè gbà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìtàn orin, kí etí wọn sì là sí ẹwà tí ó wà nínú orin. Ìlú Warri ní Ìpínlẹ̀ Delta ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé béèrè pé kí ni ó kan abala Yorùbá nínú jọ́nà yìí pẹ̀lú ẹ̀kọ́ orin ní Warri. Ìdáhùn wa pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni pé ọmọ ìyá ni èdè Yorùbá àti èdè Ìtsẹ̀kírì tí a ń sọ ní Warri. Agbo kan náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè pa wọ́n pọ̀ sí. Èkejì ni pé èdè olóhùn ni Ìtsẹ̀kírì, Urhobo àti Ìjọ̀ tí wọ́n jẹ́ èdè onílé ní ìlú náà. Ohun tí àwa olùkọ́ Yorùbá ti mọ̀ nípa àjọṣe ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin yóò wúlò níbẹ̀, ohun tí olùkọ́ orin ibẹ̀ bá sì bá pàdé yóò kọ́ àwa náà lọ́gbọ́n.

Ní ìgbà kan, òǹkọ̀wé yìí jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì orin kan ní ìlú náà. Olùkọ́ kọ 1600 sí 1750 sí ojú pátákó, ó kọ orúkọ Bach àti Handel sí abẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń dà á kọ. Nígbà tí a bi ọmọbìnrin kan ní ọdún tí wọ́n bí Bach, kíá ni ó dáhùn pé 1685. Òótọ́ ni ó sọ. Nígbà tí a wá bi í pé báwo ni orin Bach ṣe ń dún, ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò gbọ́ ọ rí. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí kan náà ni ó ń lé orin fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àkókò ìsinmi, tí wọ́n ń gbè é, tí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun yí ohùn padà kí ègbè má baà rẹ̀ wọ́n. Ọmọ tí ó mọ orin ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ orin kò mọ̀ ọ́n.

Èrò tiwa ni pé etí ni ó yẹ kí ó ṣíwájú ìwé nínú ẹ̀kọ́ yìí, kí orin ilé ṣíwájú orin òkèèrè, kí olùkọ́ èdè àti olùkọ́ orin sì jọ ṣe iṣẹ́ náà. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a má kọ́ wọn ní ti Bach. Ohun tí a ń sọ ni pé ibi tí ọmọ wà ni a ti í fà á lọ́wọ́.

2.0 Kí ni ìtàn orin? Kí sì ni ìmọrírì orin?

Ìtàn orin ni ẹ̀kọ́ nípa ẹni tí ó dá orin, ìgbà tí ó dá a, ìdí tí ó fi dá a, àti ohun tí ó yí padà láti ọwọ́ ìran kan dé òmíràn. Ìmọrírì orin ní tirẹ̀ ni gbígbọ́ orin pẹ̀lú òye. Gbígbọ́ lásán yàtọ̀ sí títẹ́tí sílẹ̀. Ẹni tí ó kàn ń gbọ́ lè sọ pé orin dùn tàbí kò dùn. Ẹni tí ó tẹ́tí sílẹ̀ yóò lè sọ ohun tí ó mú un dùn: bóyá bí ègbè ṣe ń wọlé kí lílé tó parí ni, tàbí bí ìlù kan ṣe ń fèsì fún òmíràn, tàbí bí ọ̀rọ̀ ṣe bá ohùn mu.

Ẹ̀kọ́ méjèèjì kò ṣeé yà nípa. Ìtàn orin tí kò ní orin nínú kò ju àkọsórí orúkọ àti ọdún lọ. Ìmọrírì tí kò sì ní ìtàn nínú a máa sọ ọmọ di ẹni tí ó rò pé àná ni gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi orin tí gbogbo ọmọ iléèwé mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn orin ìyìn orílẹ̀-èdè wa. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, Lillian Jean Williams ni ó kọ ọ̀rọ̀ orin àkọ́kọ́, Frances Benda sì fi ohùn sí i. Ọ̀kankan nínú àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Ní 1978, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Láti inú iṣẹ́ àwọn márùn-ún tí wọ́n díje ni wọ́n ti ṣa ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ, Benedict Odiase, ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin àwọn ọlọ́pàá, ni ó sì fi ohùn sí i. Ní oṣù Karùn-ún 2024, wọ́n tún padà sí ti 1960. Ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ọdún náà ti kọ orin méjèèjì ní orí ìdúró àárọ̀. Bí olùkọ́ bá bi wọ́n pé èwo ni ẹsẹ̀ lè tètè bá rìn, èwo ni ohùn rẹ̀ ga jù fún wọn láti dé, kí sì ni ó lè mú kí ìjọba kan pa orin kan tì, kí òmíràn sì gbé e dìde, ó ti kọ́ wọn ní ìtàn orin àti ìmọrírì orin ní ìṣẹ́jú ogójì, láìná kọ́bọ̀.

3.0 Ipò tí ẹ̀kọ́ orin wà

Láti ìgbà tí ìwé ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ ti jáde ní 1977, tí ètò 6-3-3-4 sì bẹ̀rẹ̀ ní 1982, orin ti ní àyè tirẹ̀ nínú ètò ẹ̀kọ́ girama. Ṣùgbọ́n nínú ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2008, wọ́n da orin pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọnà, eré oníṣe àti ijó lábẹ́ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Kò sí ohun tí ó burú nínú pé kí a so wọ́n pọ̀. Nínú àṣà wa, orin, ijó àti eré kì í yàgò fún ara wọn. Ohun tí ó ń fa ìṣòro ni pé olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń kọ́ gbogbo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwòrán yíyà ni olùkọ́ náà kọ́, ìwé ni yóò kọ sí ojú pátákó nígbà tí ó bá kan orin. Ní girama àgbà ẹ̀wẹ̀, ẹ̀kọ́ àṣàyàn ni orin, kì í sì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń kọ́ ọ. Èyí fi hàn pé fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ọdún mẹ́ta girama kékeré ni gbogbo àǹfààní tí wọn yóò ní.

Nítorí náà, bí a bá fi ọdún mẹ́ta wọ̀nyí da orúkọ kọ, ohun tí ọmọ yóò mú lọ ni pé àwọn ẹlòmíràn ni orin wọn ní ìtàn, pé tirẹ̀ kàn jẹ́ ariwo ìdárayá. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti lágbára ni èyí. Àwọn àgbà tí orin àtijọ́ wà ní orí ahọ́n wọn kò ní í wà títí. Bí ọmọ kò bá mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè, kò ní í béèrè.

4.0 Orin ilé: ohun tí ó wà nílẹ̀ ní Warri àti agbègbè rẹ̀

4.1 Udje

Láàárín àwọn Urhobo ìhà gúúsù, pàápàá ní Udu àti Ughievwen, ni eré udje ti gbilẹ̀. Abúlé méjì tàbí àdúgbò méjì a máa fi orin bá ara wọn figagbága: bí apá kan bá ṣeré ní ọdún yìí, apá kejì yóò fèsì ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ororile ni wọ́n ń pe ẹni tí ó ń hun orin. Obuole ni ẹni tí ó ń lé e ní agbo. Ìwà àbùkù ẹni tí ó wà ní apá kejì ni orin náà máa ń tú fó, bí olè jíjà, ọ̀lẹ tàbí ìgbéraga, wọn a sì fi àsọdùn àti ẹ̀fẹ̀ kún un kí ó lè dun ẹni tí ó ń bá wí.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orin ní í ṣíwájú ọ̀tẹ̀. Ní ti udje, orin ni ó gba ipò ọ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi ń jà, kí ọwọ́ lè sinmi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò rántí ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu àti Yewa, àti orin Òkèbàdàn ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ń fi orin bá oníwà ìbàjẹ́ wí. Iná udje ti jó rẹ̀yìn gan-an kí ọ̀rúndún ogún tó parí, ṣùgbọ́n kò kú sí àìmọ̀. J. P. Clark kọ àpilẹ̀kọ lórí rẹ̀ ní 1965, G. G. Darah fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1982, ó sì di ìwé ní 2005. Tanure Ojaide náà tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 2003. Olùkọ́ tí ó bá sọ pé kò sí ohun tí òun lè fi kọ́ni kò tíì wá a ni.

4.2 Ozidi àti orin inú ìtàn

Láàárín àwọn Ìjọ̀, ìtàn akọni Ozidi kì í ṣe ìtàn àsọlásán. Alẹ́ méje ni wọ́n fi ń ṣe é, pẹ̀lú orin, ìlù àti ijó. Ní Ìbàdàn ní 1963 ni Clark ti gba ohùn Okabou Ojobolo sílẹ̀, ìwé náà sì jáde ní 1977. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi etí sí níbẹ̀ ni iṣẹ́ tí orin ń ṣe nínú ìtàn: orin a máa jẹ́ kí apohùn sinmi, a máa fa àwọn tí wọ́n ń gbọ́ wọ inú eré, a sì máa kéde pé akọni ń bọ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ àlọ́ onílù àti olórin nílé yóò mọ ohun tí a ń wí.

4.3 Háílaìfù àti orin òde òní

Rex Lawson, ọmọ Kalabari tí wọ́n bí ní Buguma ní 1938, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà olórin háílaìfù. Ó ń fọn fèrè, ó ń kọrin, èdè tí ó sì fi kọrin ju ẹyọ kan lọ. Ní oṣù kìíní 1971, ojú ọ̀nà Warri, níbi tí ó ti fẹ́ lọ ṣeré, ni jàǹbá ọkọ̀ ti pa á. Àwọn òbí àgbà akẹ́kọ̀ọ́ kan lè wà tí wọ́n ra ìwé ìwọlé sí eré tí kò wáyé náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo nílé lè ṣí ojú ìwé tí kò sí nínú ìwé kankan.

Lẹ́yìn háílaìfù, Warri kò dákẹ́. Omawumi, ọmọ Ìtsẹ̀kírì, gba ipò kejì nínú ìdíje West African Idols ní 2007. Erigga sì ń fi èdè Pijin ìlú náà kọ orin ẹlẹ́nu wẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ sórí. Olùkọ́ kan lè máa fi ojú tín-ín-rín irú orin bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èyí ni ilẹ̀kùn tí ọmọ ti ṣí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí a bá gba ibẹ̀ wọlé, kò ní í tì í mọ́ wa.

5.0 Ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin: ibi tí iṣẹ́ olùkọ́ èdè wà

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Bí olórin bá gbé ohùn òkè sí ibi tí ó yẹ kí ohùn ìsàlẹ̀ wà, ọkọ̀ yóò di ọkọ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí a túmọ̀ orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni a gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé, ìtumọ̀ sì dojú rú ní ọ̀pọ̀ ibi.

Ọ̀rọ̀ yìí ni T. K. E. Phillips, tí ó jẹ́ atẹ-dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Èkó láti 1914 sí 1962, gbé yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní 1953. Fela Sowande, tí ó kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ rẹ̀, gbé orin ilẹ̀ wa dé ọ̀dọ̀ àwọn olóhun-èlò olókùn nínú African Suite ní 1944. Ní Gold Coast, tí ó di Gánà, Ephraim Amu rìn ní ọ̀nà kan náà: ó jẹ́ kí ohùn ọ̀rọ̀ èdè abínibí darí ohùn orin, ó sì ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ lọ sí ilé ìjọsìn, títí tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò ní iṣẹ́ olùkọ́ ní Akropong ní 1933. Ìtàn orin tí ó ní ìjà nínú nìyí. Ọmọ tí ó bá gbọ́ pé ènìyàn pàdánù iṣẹ́ nítorí pé ó fẹ́ kí orin bá èdè rẹ̀ mu yóò tẹ́tí.

Ní kíláàsì Warri, iṣẹ́ àṣetiléwá tí ó bá èyí mu kò le. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìlà kan nínú orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ sí èdè rẹ̀, àti ìlà kan nínú orin ìbílẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹnu, kí ó fi dò, re, mí sàmì sí ibi tí ohùn ti lọ sílẹ̀ tàbí tí ó ti gòkè. Lẹ́yìn náà kí ó kọ ọ́ lórin, kí ó sì wò ó bóyá orin àti ọ̀rọ̀ jọ ń lọ. Ọmọ Urhobo yóò ṣe tirẹ̀, ọmọ Ìtsẹ̀kírì yóò ṣe tirẹ̀, ọmọ Ìjọ̀, ọmọ Ígbò àti ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí ìlú náà yóò ṣe tiwọn. Ní òpin rẹ̀, wọn yóò ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa orin, wọn yóò sì ti mọ̀ pé èdè tí wọ́n rò pé ó kéré ní òfin tirẹ̀. Iṣẹ́ yìí ju agbára olùkọ́ orin nìkan lọ.

6.0 Àbá lórí ètò ìkọ́ni

Ọ̀nà tí a dá lábàá ni kí a máa ka ìtàn orin láti òní lọ sí àná, lẹ́yìn náà láti ilé lọ sí òkèèrè.

(i) Orin láti ilé. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba orin kan lọ́wọ́ àgbà ilé rẹ̀, ìbáà ṣe orin ìrẹmọlẹ́kún, orin iṣẹ́ tàbí orin ọdún. Kí ó kọ ẹni tí ó kọ́ àgbà náà sílẹ̀, àti ìgbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Àkọsílẹ̀ wọ̀nyí ni ìwé ìtàn orin àkọ́kọ́ tí kíláàsì náà yóò ní.

(ii) Gbígbọ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Kí olùkọ́ lu orin kan, bí àpẹẹrẹ Sawale ti Rex Lawson. Ní ìgbà àkọ́kọ́, kí wọ́n ka ohun èlò tí wọ́n gbọ́. Ní ìgbà kejì, kí wọ́n gbé ọwọ́ sókè nígbàkúùgbà tí ègbè bá wọlé. Ní ìgbà kẹta, kí wọ́n sọ bí ọ̀rọ̀ àti ohùn ṣe bára mu. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ ohunkóhun kí orin tó parí.

(iii) Okùn ìtàn. Láti orin Pijin òde òní, kí a tọ ipasẹ̀ orin àríwísí lọ sẹ́yìn dé háílaìfù, kí a sọ ti E. T. Mensah ará Gánà tí ó gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, kí a wá dé udje. Níbi yìí ni kí a pe àgbà kan wá sí kíláàsì, kí ó wá kọrin, kí ó sì dáhùn ìbéèrè.

(iv) Ìrìnàjò síta. Láti háílaìfù, kí a bọ́ sí Akinla, apá tí ó parí African Suite, níbi tí Sowande ti lo ohùn háílaìfù fún ohun-èlò olókùn. Láti ibẹ̀, ó rọrùn láti dé Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ti kọ orin Halelúyà láti inú Messiah tí Handel kọ ní 1741. Ìgbà tí etí bá ti mọ bí lílé àti ègbè ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ọmọ yóò gbọ́ bí àwọn ohùn mẹ́rin inú orin náà ṣe ń lé ara wọn. Nígbà yẹn, 1685, tí í ṣe ọdún tí wọ́n bí Handel àti Bach, yóò ní ohun tí ó so mọ́.

7.0 Àwọn ìṣòro tí ó lè yọjú

Ìṣòro kìíní jẹ mọ́ ọ̀wọ̀ ènìyàn. Orúkọ àwọn ènìyàn gidi wà nínú orin udje, àwọn ọmọ-ọmọ wọn sì lè jókòó nínú kíláàsì. Kò tọ́ kí a fi àbùkù bàbá ńlá ọmọ ṣe ẹ̀kọ́ lójú rẹ̀. Kí olùkọ́ yan orin tí ó bá ìwà wí láìdárúkọ, tàbí kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn hun orin tuntun lórí ìwà tí gbogbo wọn mọ̀, bí ìpẹ́lẹ́yìn tàbí ìjíwèéwò.

Ìṣòro kejì jẹ mọ́ ẹ̀sìn. Àwọn òbí kan yóò kọ̀ kí ọmọ wọn kọ orin tí ó jẹ mọ́ òrìṣà tàbí egúngún. Ó yẹ kí a ṣàlàyé fún wọn pé mímọ̀ yàtọ̀ sí sísìn, kí a má sì fi ipá mú ọmọ kankan kọrin. Ó lè fetí sílẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé ohun tí ó gbọ́.

Ìṣòro kẹta ni ìdánwò. Olùkọ́ yóò sọ pé ìdánwò ń béèrè orúkọ àti ọdún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí etí bá ti gbà ni ọpọlọ máa ń dì mú. Ọmọ tí ó ti gbọ́ Handel kò ní í ṣi orúkọ rẹ̀ gbé fún Bach nínú ìdánwò.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí pé ẹ̀kọ́ ìtàn orin àti ìmọrírì orin ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó jìnnà jù. Ní Warri, udje, Ozidi, háílaìfù àti orin Pijin wà nílẹ̀. Èdè olóhùn tí a fi kọ wọ́n sì ń pe olùkọ́ èdè wá sí iṣẹ́. Ohun tí a sọ nípa Warri bá Iléṣà, Abẹ́òkúta àti Kétu mu, níbi tí a ti ń rí ọmọ tí ó mọ ọjọ́ ìbí olórin òkèèrè tí kò sì lè sọ ìyàtọ̀ láàárín rárà àti ìjálá.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ti ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Lílé rẹ̀ ń jáde, ègbè rẹ̀ ń dáhùn, ní ẹ̀yìn kíláàsì tí ẹnikẹ́ni kò ti bi í léèrè. Kí a bi í. Kí a tún tètè bi àwọn tí wọ́n kọ́ ọ, nígbà tí wọ́n ṣì wà láti dáhùn.